Ìgbà wo gan-an ni Bàbá wọ NTA? Ẹ wá sọ ìrírí yín nípa ìtàn tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa

Atẹ̀wé Lágéré

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Mo ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, rìsíìtì, àmọ́ èyí tó ń bọ́ wa jù ni prógíráàmù òkú àgbà. Mi ò kì í tẹ ìtàn ìgbésí ayé òkú láì kà á dáadáa, torí ìwé yẹn ni àwọn ọmọ-ọmọ máa gbé jáde lọ́jọ́ iwájú pé báyìí ni bàbá wa ṣe lo ayé ẹ̀, tí àṣìṣe bá sì ti wọ ibẹ̀ ó ti wọlé nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa padà wá yọ ọ́.

Àǹtí kan wá bá mi, ìsìnkú bàbá wọn ku ọjọ́ mẹ́wàá. Tẹlifíṣọ̀n ni Bàbá fi gbogbo ayé wọn ṣe, ẹlẹ́rọ ni wọ́n, kì í ṣe àwọn tó ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ohun tí àwọn ọmọ kọ wá ni pé Bàbá wọ iṣẹ́ ní NTA Ìbàdàn ní 1962, pé Olóyè Akíntọ́lá ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, pé ní 1982 wọ́n lọ sí tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì ní 1997. Mo kà á tán mo tún padà kà á. Mo ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, kò sí NTA ní 1962, kò sì sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1982. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní "Bọ̀dá, ẹnu Bàbá fúnra wọn la ti ń gbọ́ NTA láti kékeré wa."

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dàrú. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ ń jẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ gbọ́njú ló gbé orúkọ ti tẹ́lẹ̀ mì. WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́, ni Bàbá wọ̀. Sátidé, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni Prẹ́míà ìwọ̀ oòrùn nígbà náà, Akíntọ́lá ò tíì dé orí àga yẹn, oṣù Disẹ́ńbà ọdún yẹn ló tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Mo sọ fún Àǹtí pé tí ẹ bá fi Akíntọ́lá síbẹ̀, àwọn àgbàlagbà tó máa wá sí ìsìnkú yẹn máa bínú, àwọn kan ò ní dákẹ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fàájì lásán ni. Ní oṣù kẹta 1953 Anthony Enahoro gbé àbá òmìnira 1956 wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó, wàhálà bẹ́ sílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí wọn jáde kúrò nínú ilé. Gómìnà Sir John Macpherson wá bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó bá wọn wí níwájú gbogbo ayé. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì, wọn ò fún un. Ẹni tí wọ́n bú ní gbangba tí wọn ò jẹ́ kó la ẹnu, kí ló kù tó máa ṣe ju pé kó lọ wá agbóhùn tiẹ̀? Nígbà tí òfin wá gba àwọn ẹkùn láyè láti ní ilé iṣẹ́ tiwọn, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn da owó pọ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Overseas Rediffusion, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sórí òkè Màpó, wọ́n gbé ìkejì sí Àbàfọ̀n lọ́nà Ìkòròdú kó lè dé Èkó. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní òkè òkun pè mí lórí fóònù, inú wọn ò dùn rárá, wọ́n ní ṣé èmi atẹ̀wé ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ní ìtàn bàbá àwọn, pé kí n tẹ ohun tí wọ́n kọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n, owó yín ni, mo máa tẹ̀ ẹ́ tẹ́ ẹ bá pàṣẹ, ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì péré, kí Àǹtí lọ wo inú àpótí Bàbá. Mo mọ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́ kì í ju létà nù nítorí pẹ́ńṣọ̀n.

Àfi bí Àǹtí ṣe dé lọ́jọ́ kejì láti Ìlódè pẹ̀lú fáìlì kan tí wọ́n fi okùn dì, ó ti gbó, gbogbo ẹ̀ ń rùn bí kánfọ̀. A tò ó sórí tábìlì tí mo fi ń gé ìwé. Létà ìgbanisíṣẹ́ 1962, orí ẹ̀ kà pé WNBS/WNTV, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lábẹ́ òrùlé kan. Èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ ti 1976, orí ìwé ti yí padà, ó ti di NTV, torí ọdún yẹn ni ìjọba àpapọ̀ gba gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀, ọdún yẹn kan náà sì ni wọ́n pín Ìwọ̀ Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ọdún 1977 ni dìkírì nọ́ńbà 24 jáde tó sọ ọ́ di NTA. Bàbá ò kúrò lórí àga wọn o! Ààyè kan náà, ẹ̀rọ kan náà, wọ́n kàn ń yí orúkọ lé wọn lórí ni.

Létà 1982 ló pa Àǹtí lẹ́nu mọ́. Kì í ṣe Ọ̀ṣun. TSOS ni, tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà Gómìnà Bọ́lá Ìgè. Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ òṣèlú NPN ló ń darí ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó, UPN tó jẹ́ alátakò wọn ló wà ní Ìbàdàn, NTA sì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ 1953 yẹn náà ló tún padà wá? Ẹni tí wọn ò fún láyè sọ̀rọ̀ tún lọ kọ́ ilé tiẹ̀. Bàbá wá tẹ̀lé wọn lọ síbẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú fáìlì ni ti ìparí 1991, lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 27 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, tí wọ́n ní kí ọmọ onílé padà sílé, Bàbá kó ẹrù wọn láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo. Nígbà tí àwọn ọmọ wá ń kọ ìtàn, wọ́n ti pa ìrìn méjì yẹn pọ̀ di ẹyọ kan.

Ẹ wò ó, ọkùnrin kan, ọdún 35, orúkọ ilé iṣẹ́ márùn-ún. Gbogbo ìtàn tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yorùbá ló wà nínú fáìlì ẹyọ kan ní Ìlódè. Mo ya fọ́tò létà méjì, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ní òkè òkun lórí WhatsApp, wọn ò sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n pè, ohùn wọn ti yàtọ̀, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́ ṣé ẹ lè tẹ àwòrán létà 1962 yẹn sínú ìwé náà, kí ó gba ojú ewé kan odindi. Mi ò gba owó lórí ojú ewé yẹn.

Ẹ̀yin náà ẹ wá sọ tiyín.

Tíṣà Iléṣà

Ẹ ṣeun gan-an sà. Tèmi dùn mí títí di òní. Mo ṣe olùdájọ́ níbi ìdíje ìbéèrè àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní Iléṣà níbí, wọ́n béèrè pé níbo ni tẹlifíṣọ̀n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà, ọmọbìnrin kan dáhùn pé Morocco. Gbogbo hóólù pariwo lé e lórí, èmi náà fún un ní òdo, torí ohun tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré ni pé WNTV, "First in Africa", àkọlé wọn náà nìyẹn. Ọmọ yẹn jókòó, ó ń sunkún wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́.

Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo wádìí, mo rí i pé ọmọ yẹn ní ẹ̀rí. Ilé iṣẹ́ aládàáni kan bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n ní Casablanca ní 1954, owó tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n pa á tì ní 1955. Àwọn Faransé náà gbé tiwọn sí Algeria ní 1956. Òyìnbó ló ni wọ́n, àwọn òyìnbó tó ń gbé níbẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ni Morocco wà, kò sí bá a ṣe fẹ́ yí i. Ohun tó tọ́ ká máa sọ ni pé WNTV ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ìjọba tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí fúnra wọn ń darí ló sì gbé e kalẹ̀ kí òmìnira tó dé. Egypt di 1960, Kenya di 1962. South Africa tó lówó tó báyẹn, 1976 ni wọ́n tó ṣí tiwọn, ọdún 17 lẹ́yìn Ìbàdàn! Ṣé ìyẹn ò tó wa yangàn ni, tá a fi ní láti gba ti ẹlòmíì mọ́ ọn?

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé ọmọ yẹn, mo tọrọ àyè lórí ìlà àárọ̀, mo sọ níwájú gbogbo wọn pé ọmọ yìí ló gba á, èmi ni mo ṣì í. Máàkì náà ò yí ipò wọn padà, àmọ́ mo rí ojú ọmọ yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi

Tíṣà ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò kàwé tó yín o, tèmi ò pọ̀. Àwọn ọmọ ìsìnyí ń sọ ní àdúgbò wa pé NTA ló sọ Bàbá Sálà di olókìkí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Bàbá Sálà, Iléṣà níbí náà ni wọ́n sì kú sí ní oṣù kẹwàá 2018, ẹ jẹ́ ká sọ tiwọn dáadáa. WNTV ni ẹgbẹ́ eré wọn, Aláwàdà, ti jáde ní 1965, NTA ò tíì sí lóyún.

Ti TSOS tí Bọ̀dá Atẹ̀wé sọ yẹn, mo rántí ẹ̀ dáadáa torí ó dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. UHF ni wọ́n fún àwọn ìpínlẹ̀, VHF ni NTA ń lò, oríṣi ìgbì méjì tó yàtọ̀ síra ni, tẹlifíṣọ̀n oníkọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi kò sì ní ibi tí wọ́n ń yí UHF sí. Ilé kejì ń wo TSOS, ńṣe ni tiwa ń hó ṣáá. Bàbá mi ní ìjọba ò fẹ́ kí òun rí i, ìyá mi ní tẹlifíṣọ̀n yìí ló ti gbó. Nígbà tí wọ́n ra tuntun wọ́n tún ní láti ra ańtẹ́nà kékeré ọlọ́wọ́ púpọ̀ yẹn, a so ó mọ́ ọ̀pá ọparun, èmi ni mo máa ń yí i, wọ́n á máa pariwo látinú ilé pé "ó ti dáa, fi sílẹ̀! ó tún ti lọ!" Nígbà tó wá kan ti Ọ̀ṣun, tí wọ́n gbé ìkan sí Ìbòkun lẹ́bàá wa níbí, kò sẹ́ni tó yí ọ̀pá mọ́, ó mọ́ kedere.

Mọ̀ọ́rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi ìkan kún un. Inú bọ́ọ̀sì láti Ifẹ̀ lọ sí Ìbàdàn la wà, bàbá kan ń sọ pé Ṣóyínká já wọ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní 1965, ó sì hàn lójú ẹ̀rọ. Mo ní Bàbá, rédíò ni, yàrá WNBS ni, téèpù ni wọ́n pààrọ̀ kí ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá má baà jáde, wọ́n gbé Ṣóyínká lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá a sílẹ̀ ní Disẹ́ńbà ọdún yẹn. Bàbá ní àwọn fojú rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò jiyàn mọ́, àgbà ni wọ́n. Mo kàn béèrè pé ilé ta lẹ ti wò ó, Bàbá? Wọ́n dákẹ́, ó pẹ́ díẹ̀, a ti ń wọ Ìkirè, wọ́n wá ní "Ilé ọ̀gá mi ni. Àmọ́ rédíò ni ọ̀gá mi ní."

Atẹ̀wé Lágéré

Mọ̀ọ́rẹ̀, ẹ ṣeun tẹ́ ò jiyàn, ìbéèrè yẹn dáa ju àríyànjiyàn lọ. Èmi náà á máa lò ó.

Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí ni kí àwọn ṣe tí kò bá sí létà, ẹ wo báàjì iṣẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn fọ́tò, ẹ wo ìwé pẹ́ńṣọ̀n, tí ẹ ò bá rí ìkankan ẹ kọ ọ́ pé "iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn", kò burú, ó sàn ju orúkọ tí kò tíì sí lọ. Ẹ sì kọ orúkọ tí ilé iṣẹ́ ń jẹ́ nígbà yẹn, kì í ṣe ti òní.

Mo gbàgbé láti sọ bí ìsìnkú yẹn ṣe lọ. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú ọ̀pá, wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni. Wọ́n ṣí ìwé yẹn dé ojú ewé létà, wọ́n fi ìka tọ àmì WNTV yẹn, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn ka déètì ẹ̀ sókè torí ojú ò ríran mọ́. Ó kà á. Wọ́n ní tèmi jẹ́ ti oṣù kẹta ọdún yẹn náà, ó wà nílé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ lọ gbé e pamọ́ dáadáa tá a bá délé. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.