Sípóòkù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń já léraléra: ṣé èyí tó nípọn ni kí n rà?

Ọmọ Àrámọkọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan ni mo fi ń rìn láti Adó gba Ìyìn àti Ìgèdè dé Àrámọkọ, mo sì máa ń gùn ún dé Ẹ̀fọ̀n nígbà tí àyè bá wà, pẹ̀lú àpò ẹrù méjì lórí kẹ́ríà ẹ̀yìn. Ihò 32 ló wà lára rìímù fún sípóòkù, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni sípóòkù ẹ̀yìn ti ń já lápá ibi tí jíà wà, kì í sì í já láàárín; ibi ọrùn tó ti tẹ̀ wọ inú họ́ọ̀bù (irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́) ló ti ń já. Oníṣẹ́ á fi tuntun rọ́pò èyí tó já, kò sì ní pẹ́ tí òmíràn á fi tẹ̀ lé e. Ṣé kí n wá sípóòkù tó nípọn ni, àbí rìímù ni kí n pààrọ̀?

Baba Oníkẹ̀kẹ́, Ìkẹ́rẹ́

Àbúrò mi, ibi tó ti ń já yẹn ti jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe é. Kì í ṣe pé ẹrù fà á já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti ń rẹ irin náà díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ṣe ń yí, àwọn sípóòkù tó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí táyà ti kan ilẹ̀, máa ń dẹ̀, wọ́n á sì tún le bí wọ́n bá ti kúrò níbẹ̀. Táyà tí àyíká rẹ̀ tó mítà 2.1 máa ń yí tó ìgbà 475 nínú kìlómítà kan, nítorí náà, kí o tó rin kìlómítà 50, sípóòkù kọ̀ọ̀kan ti dẹ̀, ó sì tún ti le, ní ìgbà tó sún mọ́ 24,000. Èyí tí wọn kò bá fà le tó láti ìbẹ̀rẹ̀ á máa mì nínú ihò họ́ọ̀bù, ọrùn rẹ̀ ni á sì kọ́kọ́ sán.

Jíà ló gba àyè lápá ọ̀tún, tó fi jẹ́ pé etí họ́ọ̀bù tí sípóòkù ń wọ̀ lápá ibẹ̀ sún mọ́ àárín ju ti òsì lọ. Sípóòkù ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, a sì gbọ́dọ̀ fà á le ju ti òsì lọ dáadáa kí rìímù tó lè wà láàárín: nǹkan bí ìwọ̀n kìlógíráàmù 100 sí 120 lórí sípóòkù kọ̀ọ̀kan, bí rìímù bá lè gbà á. Bí a bá fà á kọjá ààlà, rìímù á bẹ̀rẹ̀ sí í sán ní ẹ̀bá ihò. Fi ìka ta wọ́n bí ẹni ń ta agídìgbo. Àwọn tó wà lápá kan náà gbọ́dọ̀ dún bákan náà. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ló dẹ̀.

Bí ó bá ti já tó mẹ́ta, má pààrọ̀ wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́, torí ìyà kan náà ni wọ́n jọ jẹ. Jẹ́ kí wọ́n tú gbogbo ti apá ọ̀tún, kí wọ́n fi tuntun sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á le tán, kí wọ́n di méjì méjì tó jọ dojú kọ ọ̀nà kan mú, kí wọ́n fún wọn pọ̀ gidigidi kí ọrùn wọn lè jókòó, kí wọ́n sì tún un tò. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í ṣe èyí, iṣẹ́ wọn kì í sì í tọ́jọ́.

Ọmọ Ìjerò

Baba, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà wa nílò irin tó nípọn. Raleigh tí àwọn baba wa fi ń ru kòkó kì í ṣe ohun eré. Ṣé kò lè fi sípóòkù ọ̀kadà sí i ni?

Ẹlẹ́ṣin Irin

Raleigh náà, sípóòkù 40 ló wà lẹ́yìn, 32 níwájú. Iye wọn ló gbé ẹrù náà, kì í ṣe ìnípọn wọn. Sípóòkù ọ̀kadà kò sì ní wọ họ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ àfi tí wọ́n bá lu ihò rẹ̀ tóbi, èyí tí yóò sọ etí họ́ọ̀bù di aláìlágbára. Ohun tó yẹ kó wá ni sípóòkù aláìdípẹtà tó jẹ́ mìlímítà 2.0 ní orí àti ìdí, tí àárín rẹ̀ sì jẹ́ 1.8. Àárín tó tín-ín-rín yẹn máa ń nà díẹ̀, nítorí náà kì í tètè dẹ̀ pátápátá bí táyà bá já sí kòtò, ọrùn á sì sinmi. Bí rìímù kò bá tíì sán, kí ó má nàwó sí i. Ọjọ́ tó bá fẹ́ ra òmíràn, kí ó ra oníhò 36.

Ìyá Arìnrìn-àjò, Ọ̀mùò

Ẹ má gbàgbé ẹrù o. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ gbé èyí tó wúwo níbẹ̀ wá síwájú. Táyà tó fẹ̀ náà ń gba ìyà fún sípóòkù.

Sípóòkù apá ọ̀tún àti ti òsì kì í sábà gùn bákan náà, nítorí náà ẹ wọn méjèèjì kí ẹ tó ra àfikún, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Ẹ ra irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú jíà pẹ̀lú, torí pé láìsí i, sípóòkù ọ̀tún kò ní wọlé. Bí ọ̀kan bá já lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, ẹ lọ́ ọ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ kó má bàa kó sínú ṣéènì, ẹ tú sípóòkù òsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kí rìímù má fi wọ́, ẹ ṣí bíréèkì ẹ̀yìn sílẹ̀ bí ó bá ń ha á, kí ẹ sì rọra máa lọ.