Kí Ẹ Tó Gbé Fíìmù 16mm Àtijọ́ Sórí Ẹ̀rọ

Ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sára agolo fíìmù, pàápàá fíìmù ilé tó fi ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin hàn. Láyé tí ọlọ́pàá New York mú Jonas Mekas, tó ń ṣe fíìmù, lọ́dún 1964 torí pé ó fi *Flaming Creatures*, fíìmù Jack Smith tí wọ́n kà sí ìwà ìbàjẹ́, han èrò, ta ni yóò kọ ọ́ sára agolo pé ọkùnrin méjì ló ń jó nínú fíìmù tiẹ̀? "Ìsinmi etí òkun" lẹ lè bá níbẹ̀, tàbí kó máà sí nǹkan kan.

Etí fíìmù gan-an ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ òwú, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo bèbè rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Kodak, ẹ óò rí àmì kéékèèké: róbótó, onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta. Róbótó kan ṣoṣo lè jẹ́ 1936, 1956 tàbí 1976, torí ogún ọdún síra wọn ni wọ́n ń tún àmì lò. Aṣọ, irun àti mọ́tò inú àwòrán ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èwo ni. Ọdún tí Kodak ṣe fíìmù òfìfo náà nìyẹn o, kì í ṣe ọdún tí wọ́n fi ya àwòrán. Bí àmì tó ń tọ́ka sí ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ̀dà ló ṣeé ṣe kó jẹ́; àmì ti ojúlówó ló tẹ̀ mọ́ ọn.

Bó bá ń rùn bíi fínígà, ó ti ń jẹrà. Ẹ ka àwòrán 100, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n: ó yẹ kó tó nǹkan bí 762 mm. Bó bá ti sún dé 754, eyín ẹ̀rọ ò ní bá ihò rẹ̀ mu mọ́, yóò fà á ya ni. Ẹ yà á sọ́tọ̀, torí ásíìdì yẹn a máa ran àwọn tó wà nítòsí.

*

Òótọ́ ni ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ lókè yìí. Tèmi dá lórí ìyára ẹ̀rọ. Fíìmù ilé tí kò ní ohùn, àwòrán 16 tàbí 18 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló wọ́pọ̀. Ẹni tó bá yí i sí 24, ijó pẹ̀lẹ́ á di sáré. Ẹsẹ̀ bàtà 400 tó yẹ kó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 17 á tán ní nǹkan bí 11.

Èyí tó le jù ni ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀. Bí obìnrin méjì bá ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ṣì lè wà láyé, kí ọmọ rẹ̀ máà mọ̀ nípa rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fi fíìmù náà han èrò, òun fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ má gba ọ̀dọ̀ ẹbí kọjá, torí ìbéèrè yín gan-an lè tú àṣírí. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ jẹ́ kí fíìmù náà mọ sọ́dọ̀ àwọn olùwádìí, kẹ́ ẹ má gbé e sí gbọ̀ngàn.