Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: wọ́n ní mo fẹ́ fi ìgbàgbọ́ pa ọmọ mi

Ìyá Dárà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá sílé wa lánàá, kò kí mi, kò jókòó, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ń pariwo pé mo fẹ́ fi ìgbàgbọ́ pa ọmọ òun. Ọmọ òun! Ta ló lóyún rẹ̀? Gbogbo ayálégbé ló yọjú. Obìnrin yìí kan náà ló yá kúlà mi lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́dún tó kọjá tí kò dá a padà, mi ò sọ nǹkan kan. Ọkọ mi wà níbẹ̀, kò lè lanu. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni kì í ti í dá sí ohunkóhun mọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju pé ara ọmọ mi kò yá, mo sì gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́. A ti lọ ìsọ́ òru, wòlíì ti gbàdúrà, ó ní ká fọkàn balẹ̀. Ṣé Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ inú igbó ni kò ní ṣọ́ ọmọ mi? Báwo ni mo ṣe máa pa obìnrin yìí lẹ́nu mọ́?

Màmá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Sáàmù 121 ni kí ẹ dì mú, láàárọ̀, lálẹ́. Ẹni tó ń pa Ísírẹ́lì mọ́ kì í tòògbé. Nígbà tí ọkọ mi lọ sí Kàdúná tí a kò gbúròó rẹ̀, ohun tí mo ń kà nìyẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Àṣé fóònù rẹ̀ ló bọ́ sómi. Ní ti ẹ̀gbọ́n ọkọ, ẹ má dá a lóhùn. Tèmi da odindi ìkòkò ọbẹ̀ nù lójú mi, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù.

Ọmọ Ìlẹ̀ṣà: Kí ló ń ṣe ọmọ náà? Ọmọ ọdún mélòó ni? Ẹ sọ ìyẹn ná ká tó dé orí kúlà.

Bàbá Ìjọ: Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mi ìgbàgbọ́ yín. Nígbà ìsọjí Òkè Ooye ní Ìlẹ̀ṣà ní 1930, tí Ọlọ́run lo wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá, omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni àwọn aláìsàn mu. Ta ló gún wọn ní abẹ́rẹ́?

Ọmọ Ìlẹ̀ṣà: Bàbá, ìlú mi nìyẹn, mo mọ ìtàn náà. Ẹ sọ ìyókù. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí àwọn bàbá wa ránṣẹ́ pè ń lo kiníìnì kí ibà má bàa pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ kiníìnì yẹn wà lára ohun tó tú àwọn àti àwọn bàbá wa ká, kí Christ Apostolic Church tó dá dúró.

Bàbá Ìjọ: Ìgbàgbọ́ àwọn òyìnbó yẹn ni kò tó.

Abú Fáúsíyà: Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọkùnrin kan bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Èsì tó gbà ni pé kó so ó ná, kó tó gbára lé E.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ṣèlérí ọdún 15 fún Hesekáyà ọba, síbẹ̀ Àìsáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Ìyá Dárà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn ìbéèrè Ọmọ Ìlẹ̀ṣà.

Ìyá Dárà: Mi ò wá gba ìwàásù o. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ara rẹ̀ ń gbóná, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ro ó, mo ń fi omi tútù nù ún lára. Kì í ṣe tuntun, ó máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀ bí òjò bá ti pa á. Wòlíì ní ká má pe orúkọ àìsàn yẹn nínú ilé mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Orúkọ wo? SS, àìsàn sickle cell?

Ìyá Dárà: Bẹ́ẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ dáwọ́ omi tútù dúró báyìí! Òtútù wà lára ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn tó rí bíi dòjé há sínú iṣan. Ara ọmọ SS kò lè bá kòkòrò jà bíi ti ọmọ mìíràn, ibà lè sọ wọ́n dìdàkudà láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ fún un lómi mu, ẹ wọṣọ fún un, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn oògùn rẹ̀, Paludrine àti folic acid, ńkọ́?

Ìyá Dárà: A ti kó wọn tì láti ọjọ́ ìsọ́ òru náà.

Màmá Ìbejì: Yéè! Ẹ wá ní ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ni ìṣòro!

Bàbá Ìjọ: Èmi ò mọ̀ pé SS ni o. Èmi gan-an ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ gbé ọmọ lọ.

Ọmọ Ìlẹ̀ṣà: Bàbá! Oògùn kẹ̀?

Ìyá Dárà: Gbogbo yín ń bú mi. Ṣé mo kórìíra ọmọ mi ni? Ọsibítù tí a máa ń lọ, a ṣì jẹ wọ́n ní ₦48,000 láti ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Fóònù ọkọ mi ni wọ́n gbà dúró kí wọ́n tó jẹ́ ká máa lọ. Ojú wo ni mo fẹ́ fi padà débẹ̀? Nínú gbogbo ẹni tó rí ọmọ yìí, wòlíì nìkan ni kò béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Abú Fáúsíyà: Ìyá, ẹ ò bá ti fi èyí bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní kẹ́ ẹ padà síbẹ̀? Àdúgbò wo lẹ wà?

Ìyá Dárà: Ọ̀jọ́ọ̀, n'Íbàdàn.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Kò jìnnà sí ọsibítù UCH. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọdé tí ara rẹ̀ kò yá ní pàjáwìrì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín: SS ni, ara rẹ̀ ń gbóná.

Abú Fáúsíyà: Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. ₦10,000 wà lọ́wọ́ mi.

Màmá Ìbejì: Èmi á fi ₦5,000 kún un. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ o. Háà, ó wà nínú gúrúùpù yìí!

Bàbá Ìjọ: Ẹ fún èmi náà ní nọ́ńbà yẹn. Àdúrà ṣì ń lọ o, mi ò dákẹ́.

Ìyá Dárà: A ti wọ mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló pọ̀n ọ́n. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá Dárà: Wọ́n ti gbà á wọlé, wọ́n ti fi omi sí i lọ́wọ́. Wọ́n kọ abẹ́rẹ́ kan fún mi pé kí n lọ rà.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ ya ìwé náà ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó rà á.