Lẹ́tà mẹ́rin tó wà láyà àwọn SPHAS

Ẹ̀yin ará, ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni ìrírí tí mo ní nípa eré ìdárayá àwọn Júù. Philadelphia ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nígbà náà, lọ́dọ̀ bàbá Júù kan, ẹni ọdún 88. Ó ní kí n máa pe orúkọ òun. Ẹnu mi ò gbà á. "Bàbá" ni mo ń pè é títí a fi pínyà.

Lọ́jọ́ yìí ó ní kí n gbé òun lọ sí Broad Street, níbi tí Philadelphia Jewish Sports Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn Júù eléré ìdárayá, wà nígbà náà. Mo ti àga onítáyà rẹ̀ wọlé. Àwòrán àwọn tó ti kú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ká má purọ́, mo ti ń yọ́ aago wò. Ó ní kí n dúró níwájú àwòrán àwọn SPHAS.

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, àwọn ọmọ Júù South Philadelphia. Eddie Gottlieb, tí wọ́n bí ní Kiev, ló ń darí wọn. Láàárín sáà 13 ní ABL, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ife 7 ni wọ́n gbà. Gottlieb yìí náà ló kó ẹgbẹ́ Philadelphia Warriors gba ife ní 1947, ife àkọ́kọ́ ní líìgì tó padà di NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ńlá Amẹ́ríkà.

Bàbá ò tiẹ̀ sọ ti ife. Ìka rẹ̀ tó ń gbọ̀n ló fi ń tọ lẹ́tà Hébérù tó wà láyà ẹ̀wù wọn, láti ọ̀tún sí òsì: samekh, pe, he, aleph, ìyẹn S, P, H, A. Ó ní bí wọ́n bá lọ gbá níta, èébú ni wọ́n fi ń pàdé wọn, wọn ò sì bọ́ ẹ̀wù náà. Mo ní lọ́kàn mi pé ilà ojú rèé.

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní alẹ́ Sátidé ni wọ́n ń gbá a ní Broadwood Hotel, ijó ló sì ń tẹ̀ lé e. Ọkùnrin á san sẹ́ǹtì 65, obìnrin 35. Gil Fitch á gbá bọ́ọ̀lù tán, á bọ́ ẹ̀wù tó ti rin gbingbin fún òógùn, á wọ kóòtù, á gun pèpéle, òun náà ló ni ẹgbẹ́ olórin. Níbẹ̀ ni Bàbá ti kọ́kọ́ di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Ṣé wọ́n borí lọ́jọ́ náà, Bàbá?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. Ó ní ìyẹn ò sí lórí òun mọ́, àmọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé ni ìyàwó òun wọ̀.