Mo bá agolo kọ́ìnì ayé ọjọ́hun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá wa, báwo ni kí n ṣe tọ́jú ẹ̀?

Àdùkẹ́ Olókòó:
Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa tó ti re ọ̀run fi agolo Bournvita kan sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wa rò pé ìwé ilẹ̀ ló wà ńbẹ̀, ìgbà tá a máa ṣí i, kọ́ìnì ló kún dẹ́nu. Bàbá ta kókó títí wọ́n fi darúgbó, ó jọ pé gbogbo ìgbà tówó bá wọlé ni wọ́n ń yọ díẹ̀ sápá kan. Kọ́bọ̀ onihò wà ńbẹ̀ tí wọ́n fi okùn òwú sín bí ìlẹ̀kẹ̀, tọ́rọ́ wà, oníní wà, sísì 1959 wà tó ní èso kókó lẹ́yìn (ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo rí ìyẹn, bàbá mi yìí náà!), mo rí oníní 1936 kan, mo sì rí ṣílè ọlọ́pẹ kan tí wọ́n kọ 1914 sí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n kó díẹ̀ sínú ọ̀rá rírọ̀ kan, ọ̀rá yẹn ti ń lẹ̀ mọ́ wọn lára, nǹkan kan tó rí bí ewé tó sì ń yọ̀ bí epo wà lára bíi mẹ́jọ. Mọ́mì ní ká fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó wọn, kí n tó débẹ̀ wọ́n ti yọ kọ́bọ̀ kan lórí okùn, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán yinrin báyìí. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀? Níbo sì ni kí n kó wọn sí? Ìbàdàn ni mo wà, òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Fàdákà:
Yéè! Àǹtí mi, ẹ kọ́kọ́ gba ọsàn yẹn lọ́wọ́ Mọ́mì ná, tó bá gba kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ ẹ kúnlẹ̀. Kọ́ìnì kì í ṣe ìdí ìkòkò. Ọsàn ń jẹ irin, eérú ń ha á, ara kọ́ìnì gan-an ni wọ́n bó kúrò tó fi ń dán yẹn, kò sì lè padà mọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rà á ti rí i kẹ́ ẹ tó lanu, iye tó máa dá lé e á já wálẹ̀. Dúdú tó wà lára àwọn tó kù, ẹ fi sílẹ̀ jàre, aṣọ wọn nìyẹn.

Èyí tó ń yọ̀ yẹn, ọ̀rá ló fà á. Ọ̀rá tó máa ń rùn bíi rọ́bà tábìlì tuntun, PVC ni wọ́n ń pè é, tó bá ti pẹ́ nínú ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, á máa tu ásíìdì sára bàbà, ìyẹn ló di àwọ̀ ewé. Ẹ kó wọn kúrò ńbẹ̀ lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ásítóònù ló ń tú u, àmọ́ ògidì ẹ̀ ni o, èyí tẹ́ ẹ máa rí lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́míkà, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fi ń nu èékánná, wọ́n ti po nǹkan míì mọ́ ìyẹn. Ẹ bù ú sínú ife gíláàsì torí rọ́bà lè yọ́, ẹ ju kọ́ìnì sí i, ẹ mi ife yẹn díẹ̀díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀, ẹ má fi aṣọ nù ún. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kó jìnnà sí gáàsì àti jẹnẹrétọ̀, kíá ló ń gbiná. Ibi tó bá ti jẹ wọnú, àpá á kù ńbẹ̀ o.

Ọmọ Èkó Tòótọ́:
1936 kẹ̀!!! Àǹtí ẹ ti lówó o, ti Edward nìyẹn, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó fi oyè sílẹ̀ torí obìnrin, mílíọ̀nù lẹ máa tà á, ẹ má gbàgbé wa

Ẹ̀gbọ́n Fàdákà:
Ọ̀gbẹ́ni, rọra. Lóòótọ́ ni Edward kẹjọ fi oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1936 kí wọ́n tó dé e ládé, àmọ́ owó onihò tó ní orúkọ ẹ̀ tí wọ́n rọ fún ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà pọ̀ rẹpẹtẹ, ó ṣì wà nílẹ̀ dòní. Wọ́n tiẹ̀ rọ ti George karùn-ún, ọba tó wà ṣáájú ẹ̀, náà lọ́dún yẹn, kí àǹtí wo orúkọ tó wà ńbẹ̀ dáadáa. Ṣílè 1914 yẹn ni kí wọ́n máa ṣọ́, fàdákà gidi nìyẹn, kó tó di pé wọ́n ń fi idẹ rọ ọ́.

Ṣadé London:
Ẹ kú ìnáwó Bàbá o, àǹtí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ohun tẹ́ ẹ máa kó kọ́ìnì yẹn sí, ẹ wá ọ̀rá tí wọ́n kọ Mylar sí, ìyẹn kì í ṣe PVC, tàbí ike roboto líle tó ń pa dé. Mo ra pálí kékeré tó ní fèrèsé yẹn nígbà kan, èmi náà fi sítépù lásán tẹ̀ ẹ́, ọdún méjì péré sítépù dípẹtà ó sì kun tọ́rọ́ mi. Ẹ má fi ìwé ìròyìn wé fàdákà, ẹ má fi rọ́bà bándì dè é, á dúdú. Káńfọ̀ aṣọ náà, kó jìnnà síbẹ̀.

Nítorí òjò, àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú pálí bàtà tuntun, tí wọ́n kọ "do not eat" sí, ẹ má dà á nù mọ́. Ó ń fa ọ̀rinrin. Tó bá pẹ́ á kún, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Etí kọ́ìnì ni kẹ́ ẹ máa fi ìka mú, òógùn ọwọ́ ń kọ àpá.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ gbé e lọ sí báńkì, kẹ́ ẹ sùn.

Ẹ̀gbọ́n Fàdákà:
Mà, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Mo gbé tèmi síbẹ̀, ọdọọdún ni mò ń sanwó, ọjọ́ kan ṣá ni wọ́n pè mí pé àwọn fẹ́ ti ẹ̀ka yẹn pa, kí n wá kó ẹrù mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mílíọ̀nù 5 náírà tí NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, ń dúró fún, owó tó wà nínú àkáǹtì ni, kò kan ohun tó wà nínú àpótí. Tó bá jẹ́ ilé lẹ máa gbé e sí, séèfù tí iná kì í jó yẹn dáa, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ máa ń ní ọ̀rinrin gan-an, omi wà nínú ohun tí wọ́n fi rọ ògiri ẹ̀, ẹ kó àpò bàtà yẹn sí i dáadáa. Kẹ́ ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, iwájú ẹ̀yìn, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìwé yẹn má sùn níbi tí kọ́ìnì sùn. Àti pé àǹtí, ẹ ti sọ Ìbàdàn, ẹ ti sọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tó bẹ́ẹ̀ o!

Bàbá Àgbà Abẹ́òkúta:
Ọmọ mi, má gé okùn yẹn o. Nígbà owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn ló ń jẹ́ ẹgbàá. Ìgbà tí kọ́bọ̀ onihò dé, àwọn baba wa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ kò kàn so ó lásán. Kà á wò, mélòó ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Àdùkẹ́ Olókòó:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé sà. Mo ti yí "abẹ́ bẹ́ẹ̀dì" padà, ẹ má wá o. Ọ̀rá yẹn ti jáde nílé, mo ti ń wá ásítóònù.

Bàbá, mo kà á. Okùn mẹ́sàn-án ni, méjìlá méjìlá ló wà lórí wọn, ṣílè kọ̀ọ̀kan. Ìkan ló ku mọ́kànlá. Èyí tí Mọ́mì fọ̀ ni ìkejìlá, ó wà lórí tábìlì níwájú mi níbí, ó ń dán. Ṣé kí n sín in padà ni àbí kí n fi sílẹ̀ lọ́tọ̀?