Káfúrà inú àpótí aṣọ ọmọ

Ẹ kú ọmọ o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, pàápàá nítorí ẹni tó wà nínú oyún lọ́wọ́.

Ọkùnrin ni àkọ́bí mi. Gbogbo àyẹ̀wò aboyún ni mo ṣe: genotype, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Nígbà tí mo bímọ, ìyá ọkọ mi gbé àpótí aṣọ ọmọ tí wọ́n ti ń tọ́jú bọ̀ jáde. Káfúrà funfun róbótó ló kún inú rẹ̀. Lójú tiwa, òórùn ọmọ tuntun nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, ojú ọmọ pọ́n bí ìyeyè. Mọ́mì ní kí n máa sá a sóòrùn àárọ̀, kí n máa fún un lómi glukóòsì. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, kò gba ọyàn mọ́, igbe rẹ̀ sì tinrín létí mi lọ́nà tó bà mí lẹ́rù. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, iná búlúù tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tó bá pọ́n nìkan ò kájú ẹ̀, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Dókítà ti béèrè káfúrà kó tó béèrè orúkọ ọmọ.

G6PD, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, ló kéré lára rẹ̀. Òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Níbi tí kò bá ti tó, káfúrà á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, ohun pípọ́n bí ìyeyè tó ń jáde níbẹ̀ sì lè wọ ọpọlọ. Ọ̀dọ̀ ìyá lọmọkùnrin ti ń jogún àìtó G6PD yìí. Èmi tára mi le koko ni mo gbé e fún un! Ó yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ a ṣì ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí.

Nígbà oyún kejì, mo ti bẹ agbẹ̀bí ṣáájú pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ìwọ́ ọmọ, kí wọ́n fi yẹ G6PD wò. Mọ́mì fúnra wọn ló kó káfúrà dànù. Wọ́n sunkún. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mọ́mì, èmi náà ò mọ̀."

*

Ẹ ṣeun, ìyá. Ọmọ tèmi ò tíì pé wákàtí 24 tó fi pọ́n. Ẹ̀jẹ̀ wa tí kò bára mu ló fà á: O ni irú ẹ̀jẹ̀ mi, A ni ti ọmọ. Awọ rẹ̀ dúdú, iná ilé ò jẹ́ kí n rí i pé ó pọ́n. Nọ́ọ̀sì ló gbé e sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, tó fìka tẹ imú rẹ̀ díẹ̀, tó sì ní kí n wá wo bí ibẹ̀ ṣe pọ́n.