«Jò» kọ́, «àkúnya» ni

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwọn ọmọ kan wà tí eegun ẹ̀yìn wọn kò pàdé láti inú oyún, tí awọ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé kí á máa pe ìṣòro ìtọ̀ wọn ní «àpò ìtọ̀ tó ń jò». Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á fi «jò» sílẹ̀.

Ohun tó bá ń jò, èèyàn á rò pé ó máa tó gbẹ. Èrò wa nìyẹn nípa ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 7, tí pátá rẹ̀ kì í gbẹ tọ̀sán tòru. A ní ọ̀lẹ ni. Ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó mu omi tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìtọ̀ ń gbà jáde bọ ojú ìtọ̀ rẹ̀, ìtọ̀ kún abọ́ kan, ó tún bọ́ sínú èkejì, bẹ́ẹ̀ pátá tó bọ́ sílẹ̀ ṣì ń tutù. Iṣan tó yẹ kó sọ fún un pé àpò ti kún kò jíṣẹ́. Àṣẹ́kù ló ń dà síta. Odò tó bá kọjá bèbè, ta ní ń sọ pé ó jò? Ó kún àkúnya ni. Omi àkúnya a sì máa ya wọlé onílé: ìtọ̀ náà ń padà sókè sí kíndìnrín, ó ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọmọ kò sì ní ké.

«Ìfàtọ̀» tí ẹlòmíì mú wá fún iṣẹ́ rọ́bà náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. «Ìtọ̀ gbígbọ́n» ni tèmi. Ẹni tó ń gbọ́n omi ọkọ̀ mọ̀ pé yóò tún wọlé; wákàtí 3 sí 4 la fi ń gbọ́n tọmọ yìí. Láti 1972 ni dókítà Jack Lapides ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ọwọ́ àti rọ́bà tó mọ́ ti tó fún un, ìyá lè ṣe é nílé. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò dá gbígbọ́n dúró, bẹ́ẹ̀ ni a kò sinmi yíya àwòrán kíndìnrín.

«Tó fara pamọ́» tí ẹ fi kún orúkọ àìsàn ẹ̀yìn náà dára, àmọ́ ẹ fi àmì rẹ̀ kún ìtumọ̀: irun ṣùù lókè ìdí, ihò kékeré, tàbí ọ̀rá tó wú. Ọjọ́ ìkómọ la ti rí irun tọmọ wa.

Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ, kí lẹ ń pe igbá tí ẹ fi ń gbọ́n omi ọkọ̀? Mo fẹ́ yọ orúkọ rọ́bà náà níbẹ̀. Kátítà ni nọ́ọ̀sì ń pè é. «Rọ́bà mi» lọmọ náà ń pè é.